Earpiece orin ẹ̀rọ: amapiano, techno, drum and bass, ṣé ọ̀kan lè tó?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Amapiano ni mo ń gbọ́ jù, àmọ́ techno, drum and bass, dubstep àti ambient náà wà nínú fóònù mi. Mo fẹ́ ra earpiece tuntun, orí mi sì ti dàrú. Ẹnì kan ní kí n ṣáà ra èyí tí béèsì rẹ̀ pọ̀ jù lọ́jà, pé orin ẹ̀rọ kò ju béèsì lọ. Ẹlòmíì ní béèsì àpọ̀jù ló ń ba orin jẹ́, kí n wá èyí tí driver, spíkà kékeré inú rẹ̀, pọ̀. Ẹnì kẹta ní headphone tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni ọ̀gá gbogbo wọn. Inú dánfó ni mo ti ń gbọ́ orin láàárọ̀; lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń hó lẹ́yìn fèrèsé mi. Ṣé orin kọ̀ọ̀kan ló ní earpiece tirẹ̀ ni, àbí ọ̀kan lè tó? Owó ọwọ́ mi kò pọ̀ o.

* * *

Ọ̀kan lè tó, àbúrò. Ohun tó da orí rẹ rú ni pé nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù wọn ń pè ní béèsì.

Iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan là ń fi Hz kà. Etí ọ̀dọ́ tó pé ń gbọ́ láti 20 Hz dé 20,000 Hz. Láti 20 dé bíi 60 ni ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tó ń mi àyà níwájú spíkà òde àríyá. Láti 60 dé 120 ni kick, ìlù ńlá tó ń gbé orin rìn, ti ń gbáni. Láti 120 dé 300 ni ìró ti ń sanra. Bí ibẹ̀ bá pọ̀ jù, gbogbo orin á máa dún bí ẹni tó ki orí bọ inú ìkòkò. Earpiece pọ́ọ́kú tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ "bass" sára páálí rẹ̀, apá kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé sókè. Òun ló rọrùn láti gbé sókè, òun náà ló sì ń tètè wu ẹni tó bá dán an wò fún ìṣẹ́jú méjì lórí ìdúró. Má bi wọ́n pé béèsì rẹ̀ pọ̀ tó báwo. Bi wọ́n níbi tó jókòó sí.

Fi log drum, ìlù béèsì amapiano, wò ó. Ó ní orí, ó ní ìrù. Orí rẹ̀ ń dún "kó" bí igi tó kan igi. Ìrù rẹ̀ ń wọ́ lọ sílẹ̀, ó sì ń yọ̀ láti nóòtì kan bọ́ sórí òmíràn. Orin ni log drum ń kọ. Earpiece tó gbé 150 Hz sókè tó sì já ìsàlẹ̀ sílẹ̀ á fún ọ ní orí láìsí ìrù: gbì, gbì, gbì, gbogbo rẹ̀ lórí ohùn kan. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá earpiece kan tó gbọ́ amapiano, fi ẹnu kọ orin tí log drum ń kọ. Tí o kò bá rí i kọ, tí gbogbo nóòtì jọra wọn, gbé e padà sórí tábìlì ẹni tó ń tà á.

Dubstep ìgbà àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní Croydon ní gúúsù London ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Béèsì tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ sine, ìró tó mọ́ gaara, tí ìró kékeré kankan kò gùn lẹ́yìn. Log drum ní àwọn ìró kékeré tó gùn ún lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí spíkà fóònù fi lè tan ọpọlọ rẹ, kí o máa rò pé ò ń gbọ́ ìsàlẹ̀. Sine 43 Hz kò ní ẹlẹ́rìí. Bí earpiece bá kú sí 60 Hz, ìlù lásán lo máa gbọ́, á sì máa yà ọ́ lẹ́nu pé kí ni àwọn èèyàn rí nínú orin yìí gan-an.

* * *

"Techno wá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Kick lásán ṣáà ni. Earpiece èyíkéyìí tó bá lè lù á ti ṣe é."

Òótọ́ ni pé kick ni òpó ilé techno. Kick ẹ̀rọ TR-909 tí Roland gbé jáde ní 1983, òun ni wọ́n ṣì ń lò tàbí ń fara wé títí dòní. Àmọ́ àárín kick méjì ni adùn techno wà. Ní 130 BPM, ìyẹn ìlù 130 ní ìṣẹ́jú kan, láti kick kan sí èkejì kò ju bíi 461 ms lọ (1,000 ms ni ìṣẹ́jú-àáyá kan), kò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Béèsì ń fara pamọ́ nígbà tí kick bá dé, ó sì ń yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀. Earpiece tí ìró rẹ̀ kì í tètè kú á fi ìrù kick dí àlàfo náà pa, kick àti béèsì á wá di ọ̀gbàrá kan ṣoṣo. Fi EQ, app tó ń gbé apá ìró kan sókè tàbí wálẹ̀, gbé 200 Hz wálẹ̀ díẹ̀. Tí àlàfo náà bá là, o ti rí ibi tí àrùn wà.

Hi-hat, àwo irin kékeré tó ń dún "tsí", ni èkejì. Èyí tó ń bọ́ sáàárín kick méjì ń dún lẹ́ẹ̀kan fún kick kọ̀ọ̀kan: 130 lọ́nà 60, ìgbà 7,800 ni yóò ta sí etí rẹ ní wákàtí kan, síbì kan náà, láìyẹ̀. Bí earpiece bá ní gegele ní 8,000 Hz, o lè má mọ̀ nínú orin kan. Tó bá di wákàtí kan, etí á máa ro ọ́, wàá sì dá techno lẹ́bi. Fún techno àti house, èyí tí òkè rẹ̀ rọ̀ sàn ju èyí tí òkè rẹ̀ ń dán gbinrin.

Cruise beat àti mara ti ìgboro Èkó tún wá le jù lápá ibí yìí. Fèrè, ariwo ẹnu, ohùn tí wọ́n gé lé ara wọn lórí, gbogbo rẹ̀ kó jọ sí 2,000 dé 5,000 Hz, níbi tí etí èèyàn ti mú jù. MP3 tí wọ́n ti fún pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé orí WhatsApp rẹ ló sì sábà máa ń jẹ́. Earpiece tó ń dán kò ní bá ọ wá àṣírí kankan jáde níbẹ̀, ẹ̀gún ló máa kó fún ọ.

* * *

"Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Òkè tó mú àti béèsì ńlá ni drum and bass ń fẹ́, àárín kò ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kó ra èyí tó ní ìrísí V."

Ẹ̀yin tí ẹ ń jà fún V pọ̀ gan-an. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: V ni pé ìsàlẹ̀ ga, òkè ga, àárín rì. Ó máa ń dùn fún orin mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú orin náà wò. Ní 174 BPM, ìlù kan sí èkejì jẹ́ 345 ms. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, bí àwọn onídrum and bass ti ń pín in, 86 ms ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú 86 ms wọ̀nyẹn ni àwọn snare (ìlù tó ń dún "pá") kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ghost note ń gbé, àwọn tí onílù kàn fi ọ̀pá tọ́ awọ lásán. Àwọn ló ń mú kí ìlù náà máa yí, snare ńlá kàn ń sàmì ni. Láti bíi 200 Hz dé 5,000 Hz ni wọ́n tẹ́ ẹní wọn sí, àárín tí V rì mọ́lẹ̀ gan-an nìyẹn.

Béèsì Reese tún ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Kevin Saunderson, olórin techno Detroit, ni orúkọ náà ti wá, Reese ni ó ń jẹ́ lórí àwo nígbà náà. Ìró méjì tí ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba tí kò dọ́gba tán ni wọ́n gbé lé ara wọn. Ìjà àwọn méjèèjì ló ń mú kó máa ru bí èéfín. Láti 200 dé 1,000 Hz ni etí ti ń rí ìjà náà jù. Sine kan wà lábẹ́ rẹ̀ ní 43 sí 50 Hz tó ń gbé e ró. V á fún yín ní sine, á fún yín ní hi-hat, á sì gbé ìjà pamọ́. Ẹni tó ń gbọ́ drum and bass ló yẹ kó sá fún V ju ẹnikẹ́ni lọ. Bó bá jẹ́ pé V lẹ ti rà, ẹ má sọ ọ́ nù: ẹ gbé 500 Hz sókè pẹ̀lú 2 dB (dB là fi ń wọn bí ìró ṣe ga tó), ẹ tún orin kan náà gbọ́, kí ẹ wá padà síbí wá bá wa jà.

* * *

"Mo ra èyí tí gbogbo ayé ń yìn. Béèsì kò sí níbẹ̀ rárá. Irọ́ lẹ̀ ń pa fún wa."

Ẹ máà bínú, etí yín ló ń jò.

A ń jà lórí V, a máa tó jà lórí driver, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ à ń pa làpálàpá. Rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu earpiece ló ń pinnu béèsì ju gbogbo ohun yòókù lọ. Ihò etí gbọ́dọ̀ dí pa kí ìsàlẹ̀ tó lè dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá rí ọ̀nà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun bá jáde, 40 Hz ló máa kọ́kọ́ sá lọ, 60 á tẹ̀lé e, 1,000 kò ní mira. Ìdí nìyẹn tí earpiece tó ń jò fi ń dún bíi tíìnì.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ wá ìró àyẹ̀wò 100 Hz àti 40 Hz, wọ́n kún orí YouTube. Ẹ gbọ́ 100 kọ́kọ́, volume níwọ̀nba. Ẹ má fọwọ́ kan volume, ẹ bọ́ sí 40. Ó máa rẹlẹ̀, torí etí èèyàn kì í gbọ́ ìsàlẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ pòórá. Tó bá pòórá, ẹ fi ìka rọra tẹ earpiece wọlé. Tí béèsì bá rọ́ wọlé lójijì, ìjò ni.

Ẹ gbé ọwọ́ òdìkejì gba ẹ̀yìn orí, ẹ fa etí sókè àti sẹ́yìn, ẹ ti earpiece wọlé bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó fi etí sílẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣe é, rọ́bà tó tóbi ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún L torí ó ń le létí ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Etí ọ̀tún àti ti òsì kì í sì í dọ́gba nígbà gbogbo. M lápá kan, L lápá kejì, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi ìka méjì yí i títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kì í bọ etí, ẹ dì í mú bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 kó lè wú kún ihò náà. Fóòmù a máa dín òkè kù díẹ̀, oògùn earpiece tó ń dán nìyẹn. Òógùn àti ọ̀rá etí ló ń pa á. Èyí tí ẹ bá tẹ̀ tí kò wú padà mọ́, ó ti kú.

Headphone tó bo etí náà ń jò o. Ẹsẹ̀ awò ojú tàbí irun dídì tó nípọn lábẹ́ tìmùtìmù rẹ̀ tó láti jí ìsàlẹ̀ gbé.

* * *

"Driver mẹ́rin yẹ kó dára ju ẹyọ kan lọ, àbí? Ìṣirò ni."

Ìṣirò ẹni tó ń tà á ni. Driver dynamic ni spíkà kékeré tí gbogbo wa mọ̀: awọ pẹlẹbẹ tí kọ́ìlì ń tì síwá sẹ́yìn. Ó ń ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ti ń dùn jù. Balanced armature kéré bí ẹ̀wà, ó yára, ó mọ àárín àti òkè ṣe. Nígbà tí wọ́n bá kó ọ̀pọ̀ jọ sínú ihò kan, wọ́n gbọ́dọ̀ pín iṣẹ́ fún wọn. Crossover ni wọ́n ń pe ìpín náà. Tí ìpín náà bá wọ́, orí log drum á máa ti ibì kan wá, ìrù rẹ̀ á máa ti ibòmíràn. Sony MDR-7506 tó jáde ní 1991, Sennheiser HD 25 tó jáde ní 1988 tó ṣì wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ DJ, driver kan péré ni fún etí kan. Lówó kékeré, dynamic kan tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe sàn ju mẹ́rin tí wọ́n rò pọ̀ bí àsáró.

* * *

Ó ku ti ẹni kẹta, ẹni tó ní kí àbúrò ra headphone tó ṣí. Kò parọ́. Ilé tí àbúrò ń gbé ni kò mọ̀.

Ẹ̀yìn tó ṣí ń jẹ́ kí ìró jáde kúrò lórí etí, ó wá ń dà bíi pé orin wà nínú yàrá. Fún ambient, tí ohun gbogbo ń yọ́ wọlé tó ń yọ́ jáde, kò sí èyí tó dà bí ẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń jẹ́ kí ìró jáde náà ló ń jẹ́ kí ariwo wọlé. HD 600 àti HD 650 tí wọ́n máa ń dárúkọ lọ́rọ̀ yìí jẹ́ 300 ohm, jack fóònù lásán kì í sábà lágbára tó láti gbé wọn. Wọ́n tún ń rọra fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀: ambient kò ní bínú, dubstep á bínú.

Ẹ wá wo jẹnẹrétọ̀ yẹn. Èyí tó kéré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour", tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ẹ́ńjìnnì two-stroke ni. Ó ń yí bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń bú lẹ́ẹ̀kan fún yíyí kọ̀ọ̀kan. Pín 3,000 sí 60: 50 Hz. Nóòtì G ìsàlẹ̀ jẹ́ 49 Hz. Ìyẹn ni pé jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń bá log drum rẹ du àga kan náà mọ́ ọ lọ́wọ́. Èyí tó tóbi jù ú lọ, four-stroke onísìlíńdà kan, ń bú ní 25 Hz, ó tún ń fa 50 àti 75 tẹ̀ lé ara rẹ̀. Bí o bá ṣí volume sókè láti borí rẹ̀, hi-hat náà á bá a ga, etí rẹ ló máa sanwó.

Earpiece tó ń pa ariwo, tí wọ́n ń pè ní ANC, irú ariwo ìsàlẹ̀ tó ń hó láìdúró báyìí ni agbára rẹ̀ mọ: jẹnẹrétọ̀, ẹ́ńjìnnì dánfó, ọkọ̀ òfuurufú. Kò lè pa ẹnu kọ̀ndọ́kítọ̀. Ìyẹn, rọ́bà tó dí etí dáadáa ló ń ṣe é. Nítorí náà ẹni tí owó rẹ̀ kò gbé ANC tó dára, kó fi owó náà ra rọ́bà tàbí fóòmù tó bá etí rẹ̀ mu. Kó sì yọ ọ̀kan kúrò létí tó bá fẹ́ sọdá títì.

* * *

"Ṣé Bluetooth kò burú? Wáyà ti sú mi."

Fún gbígbọ́ lásán, kò burú. Ìjà SBC àti LDAC, ọ̀nà tí Bluetooth ń gbà fún ìró pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, tí àwọn èèyàn ń jà kò tó bí wọ́n ṣe ń jà á. LDAC ti Sony ní ìpele mẹ́ta, 330, 660 àti 990 kbps. Níbi tí èrò pọ̀ sí bí Òjúẹlẹ́gba, 990 á máa já, fi sí 660. Àmọ́ bí fáìlì rẹ bá jẹ́ MP3 128 kbps, wọ́n ti sábà gé ohun tó wà lókè 16,000 Hz dànù kó tó dé ọwọ́ rẹ, hi-hat rẹ̀ sì ti ń dún bí omi tó ń ṣàn. LDAC kankan kò lè dá ìyẹn padà. Wá 320 kbps tàbí FLAC ná.

Ẹni tó bá fẹ́ fi DJ ṣeré tàbí kó fi ṣe orin ni kó gbàgbé Bluetooth. Ìró máa ń pẹ́ kó tó dé. 200 ms kì í ṣe ohun àrà. Ní 174 BPM, ìyẹn ti ju ìdajì ìlù kan lọ. O tẹ bọ́tìnì, ìlù ti kọjá.

Ẹ ṣọ́ra fún adaptor USB-C pọ́ọ́kú náà. Òmíràn wà tó jẹ́ wáyà lásán, kò sí DAC, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ fáìlì di ìró, nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ fóònù kò sì ní fún un lóhùn kankan. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó.

* * *

"Ọ̀rọ̀ mi yàtọ̀ díẹ̀. Earpiece mi ń dún lápá méjèèjì, àmọ́ kick àti ohùn olórin ti pòórá. Ṣe ló ń dún bíi pé inú ihò àpáta ni orin wà. Ṣé driver ló jó ni?"

Driver kò jó. Wáyà ilẹ̀ ló já.

Wáyà mẹ́ta ló wọ ẹnu jack: ti òsì, ti ọ̀tún, àti ti ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Bí ti ilẹ̀ bá já, iná á máa gba inú driver kan bọ́ sínú èkejì, ohun tó bá sì dọ́gba ní òsì àti ọ̀tún á pa ara rẹ̀ run. Kick, béèsì àti ohùn olórin, àárín ni wọ́n máa ń fi wọ́n sí nínú orin ẹ̀rọ, nítorí náà àwọn ló lọ. Echo àti synth tó fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ló kù. Àmì yìí kì í tan èèyàn jẹ.

Kí ẹ tó gé nǹkankan, ẹ tẹ bọ́tìnì gbohùngbohùn earpiece náà mọ́lẹ̀. Bí kick bá padà wá nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, wáyà kò já. Ètò òrùka ẹnu jack náà ni kò bá ihò mu, torí irú méjì ló wà, CTIA àti OMTP, wọ́n sì fi ilẹ̀ àti gbohùngbohùn ṣe pàṣípààrọ̀. Adaptor kékeré á yanjú ẹ̀.

Bí kò bá padà wá, ẹ gé wáyà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí jack, ibẹ̀ ló sábà máa ń já sí. Pupa ni ọ̀tún, àwọ̀ ewé tàbí búlúù ni òsì, aláwọ̀ bàbà ni ilẹ̀. Wáyà tín-ín-rín wọ̀nyí ní ọ̀dà lára tí kò hàn sójú, lẹ́ẹ̀dì kò ní mú un àyàfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fi iná ayọ́rin jó ọ̀dà náà kúrò títí orí wáyà á fi di fàdákà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n jó o mọ́ ọn, wọ́n rò pé ó mú, lọ́la ó tún já. Lórí jack olórùka méjì, òsì lọ sí ṣóńṣó, ọ̀tún lọ sí àárín, ilẹ̀ lọ sí ìdí.

Ẹ̀yin tí wáyà yín ń yọ, olóríméjì 0.78 mm, ẹ wo bí ẹ ṣe tì í bọ̀. Bí apá kan bá yí padà, driver apá náà á máa ti afẹ́fẹ́ nígbà tí èkejì ń fà á. Kick kò ní dúró láàárín orí mọ́, béèsì á tín-ín-rín.

* * *

Àbúrò, a ti rìn jìnnà sí ọ. O ní báwo ni ọ̀kan ṣe máa bá orin márùn-ún mu. EQ ni.

Lórí Android, wá app EQ tó ń jẹ́ kó o fúnra rẹ yan Hz. Lórí Windows, Equalizer APO. Fún amapiano àti dubstep, gbé low shelf, èyí tó ń gbé gbogbo ìsàlẹ̀ sókè lápapọ̀, sí 80 Hz, +4 dB, Q 0.7 (Q ni bó ṣe ń gòkè lójijì tó). Fún techno, dín shelf yẹn kù sí +2, gbé 200 Hz wálẹ̀ pẹ̀lú 2 dB, kí o sì gé 3 dB kúrò ní 8,000 tí hi-hat bá ń ta ọ́. Fún drum and bass, pa shelf, 500 Hz sókè pẹ̀lú 2 dB. Ambient kò fẹ́ nǹkankan. Fi orúkọ orin kọ̀ọ̀kan tọ́jú wọn, ìka kan lo máa fi yí wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni preamp, volume àpapọ̀ inú EQ. Bí èyí tó ga jù nínú ohun tí o gbé sókè bá jẹ́ 4 dB, gbé preamp sí −4. Bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orí kick á kan àjà, á máa dún "pà" bíi bébà tó ya, wàá sì lọ bá ẹni tó tà á fún ọ jà. Volume á rẹlẹ̀ díẹ̀, ṣí i. Ṣùgbọ́n mọ ìwọ̀n: Àjọ Ìlera Àgbáyé fi 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òpin fún àgbàlagbà, 3 dB kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀ sì ń gé wákàtí náà sí ìdajì. Ní 89 dB, wákàtí márùn-ún lásán ló kù fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Dánfó nìkan lè jẹ ẹ́ tán ní ọjọ́ Wednesday.

Nítorí náà ra earpiece oníwáyà, dynamic kan, wáyà tó ń yọ, tí rọ́bà mẹ́ta wà nínú páálí rẹ̀. Tó o bá dé Computer Village, gbé orin méjì dání: amapiano tí log drum rẹ̀ ń rìn, àti drum and bass tí Reese wà nínú ẹ̀. Má dán ambient wò níbẹ̀, ariwo ọjà kò ní jẹ́ kó o gbọ́ nǹkankan. Kọ́kọ́ wá rọ́bà tó dí etí rẹ kó o tó dá ẹjọ́ kankan. Fi ẹnu kọ log drum. Wo bóyá o rí ìjà inú Reese. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí kick máa lọ, kó o fi ọwọ́ yí wáyà lẹ́bàá jack, lẹ́bàá ibi tó ti pín sí méjì, àti lẹ́bàá etí kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti ṣe "kra" lẹ́ẹ̀kan péré, mú òmíràn.